Ilẹ̀kùn Tí Ọ̀gákọ̀ Tì

Mo rántí ìgbà tí abọ́ ẹ̀pà yíyan kan máa ń wà láàárín èmi àti bàbá mi nínú pálọ̀ wa ní Bàsírì, l'Adó-Èkìtì, ní ọ̀sán Sátidé, tí àwa méjèèjì á máa wo eré àwọn ará òfurufú lórí tẹlifíṣọ̀n. Ìyá mi ti ṣaláìsí nígbà náà, èmi nìkan sì ni ọmọ tí ó fi sílẹ̀. Tíṣà físíìsì ni bàbá mi, ó gbà pé ó yẹ kí ọmọ tètè mọ̀ pé ayé yìí nìkan kọ́ ni ayé tó wà. Nínú eré náà, àwọn èèyàn kan ti kó kúrò nílé ayé, wọ́n ń gbé inú ọkọ̀ ńlá kan tó ń rìn láàárín àwọn ìràwọ̀, wọ́n ń wá ilẹ̀ tuntun tí wọn yóò tẹ̀dó sí. Àgbàlagbà ọkùnrin kan tó ń tiro ló ń darí ọkọ̀ náà. Ọ̀gákọ̀ ni èmi àti bàbá mi ń pè é. Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára rẹ̀ ni pé kì í gbà kí wọ́n ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ bí ẹnìkan ṣoṣo bá ṣì wà níta. Iná lè máa jó, ọ̀tá lè máa bọ̀, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa wo ojú àwọn tó ń wọlé. Bàbá mi náà kì í ti ilẹ̀kùn ilé wa títí èmi yóò fi dé. Bí mo bá pẹ́ ní lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́, màá bá a lórí àga tó gbé síwájú ilé, á ṣe bíi pé atẹ́gùn ló jáde wá gbà. Lójú tèmi, Ọ̀gákọ̀ àti bàbá mi, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ọdún gorí ọdún. Mo jáde ilé ìwé, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan sí Ajílósùn, mo ń ta páánẹ́lì sólà àti bátìrì. Bàbá mi ti fẹ̀yìntì. Mo ti ní àfẹ́sọ́nà, ọmọkùnrin ará Ìgèdè-Èkìtì, òun ló máa ń bá àwọn oníbàárà mi gbé páánẹ́lì gun òrùlé. Òun náà ló wá sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé wọ́n tún ti ṣe eré Ọ̀gákọ̀ mìíràn. Ó ní tuntun yìí kò bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ti àtijọ́ parí sí, pé ẹ̀yìn ló padà lọ, sí ìgbà tí Ọ̀gákọ̀ ṣì wà ní ọ̀dọ́, kó tó di ọ̀gá, kí wọ́n tó kan ọkọ̀ ńlá náà tán pàápàá. Inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

Inú tèmi kò dùn. Ó yẹ kí n sọ irú èèyàn tí mo jẹ́, kí ẹ lè mọ ẹni tí ẹ ń bá lọ. Bí ẹ bá fún mi lẹ́bùn, màá kọ́kọ́ yí i padà wo ìdí rẹ̀. Bí oníbàárà bá ń kí mi jù, màá rọra kó ọjà tó wà níta wọlé. Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà. Èmi ti ń mu oògùn náà láti kékeré, mo sì ń mu ún ju bó ṣe yẹ lọ. Mo bi àfẹ́sọ́nà mi pé, “Ta ló bi wọ́n? Eré tí a ti wò tán, tí a mọ ibi tó parí sí, kí ni wọ́n tún padà lọ wá nídìí ẹ̀?” Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ìwọ ṣáà wò ó ná.”

Bí a bá ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, á mú fláàṣì tó gba eré náà sí wá sílé wa, á kì í bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, àwa mẹ́ta á jókòó. Mo wo ìpín àkọ́kọ́ bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì Ìgbẹ́mọ, mo sì rí òkúta ṣà. Ọkọ̀ tó yẹ kó jẹ́ ti àtijọ́ ń dán ju ti ìkẹyìn lọ! Iná aláwọ̀ búlúù ń tàn níbi gbogbo, àwọn èèyàn ń fi ìka kan afẹ́fẹ́, nǹkan ń ṣí fúnra rẹ̀. Nínú eré tí a wò nígbà èwe mi ńkọ́? Irin kan tó ń dún kẹẹrẹ ni Ọ̀gákọ̀ fi ń yí ilẹ̀kùn. Mo ní ṣé bí ọjọ́ ṣe ń lọ ni irinṣẹ́ wọn ń padà sẹ́yìn ni. Wọn kò sì jẹ́ kí ohunkóhun sinmi. Wọ́n fi ibi tí Ọ̀gákọ̀ ti rí fìlà rẹ̀ hàn wá, wọ́n fi ẹni tó kọ́ ọ ní orin tó máa ń fi súfèé kọ hàn wá, ó kù kí wọ́n fi ẹni tó rán bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ hàn wá. Èyí tó wá burú jù ni pé ẹ̀rù kò bà mí. Wọ́n á so ó rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, orin á máa dún kíkankíkan, àfẹ́sọ́nà mi á di àga mú, èmi á máa jẹ ẹ̀pà mi. Ṣebí mo ti rí ọkùnrin náà ní àgbàlagbà. Ẹni tí a ti rí ewú lórí rẹ̀, kí ló fẹ́ pa á léwe?

Síbẹ̀, n kò ní purọ́ mọ́ wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣe Ọ̀gákọ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Ó ń gbé èjìká ọ̀tún sókè díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí àgbàlagbà yẹn ti máa ń ṣe. Nínú eré àtijọ́, àwọn obìnrin inú ọkọ̀ kì í ṣe ju kí wọ́n máa ké lọ. Nínú tuntun yìí, wọ́n ń jó irin pọ̀, wọ́n ń ṣàṣìṣe, wọ́n ń bínú, wọ́n ń tún un ṣe. Wọ́n sì jẹ́ ká rí ebi. A rí bí àwọn tó ń kan ọkọ̀ náà ṣe ń pín oúnjẹ tí kò kún ọwọ́, tí wọ́n ń kan ọkọ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní wọ̀. Bàbá mi mi orí nígbà tó rí èyí. Ó ní bí wọ́n ṣe kọ́ ilé ìwé tí òun lọ gan-an nìyẹn, pé àwọn tó ru òkúta rẹ̀ kò mọ ìwé kankan.

Nígbà tí a wò ó dé àárín, iná sọ nínú apá kan ọkọ̀ náà. Obìnrin kan wà tó jẹ́ ẹlẹgbẹ́ Ọ̀gákọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, tí gbogbo wa ti fẹ́ràn rẹ̀. Ó ń sáré bọ̀ láti ìsàlẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọwọ́ Ọ̀gákọ̀ wà lára ilẹ̀kùn, àwọn ọ̀gá rẹ̀ sì ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀ pé kó tì í. Ó tì í. A ń gbọ́ bí obìnrin náà ṣe ń lu ilẹ̀kùn láti òdìkejì. Ọ̀gákọ̀ kàn dúró síbẹ̀, kò ṣí i, kò sì kúrò.

Mo fò dìde. Mo ní irọ́ ni, irọ́ pátápátá gbáà, pé wọ́n ti ba ọkùnrin náà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ọ̀gákọ̀ tí kì í fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ sóde, ṣé òun náà ni wọ́n wá ní ó ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn? Àfẹ́sọ́nà mi ní bóyá ìdí tí kò fi ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ títí ó fi darúgbó nìyẹn. Mo ní kó dákẹ́ jàre. A yíjú sí bàbá mi pé kó wá dájọ́ fún wa, àga rẹ̀ ti ṣófo. Ó ti wà lẹ́yìnkùlé, ó ń bomi rin ẹ̀fọ́ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, bí ìṣe wọn, wọ́n kọ́kọ́ fi díẹ̀ lára ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rán wa létí. Bí ilẹ̀kùn yẹn ṣe yọ, bàbá mi rántí pé òun kò tíì ti géètì. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó dìde lọ wá fóònù rẹ̀ tó wà lápò rẹ̀. Kì í ṣe ẹni tó ń fi ẹ̀pà sílẹ̀ láìjẹ tán, ṣùgbọ́n ẹ̀pà ń ṣẹ́kù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú bàbá mi ju ojú tẹlifíṣọ̀n lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Àkókò yẹn kan náà ni ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó wa ń gbóná. Lọ́dọ̀ wa, kí ìdílé méjì tó jókòó pọ̀ ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, tọ̀tún-tòsì á kọ́kọ́ wádìí ara wọn. Wọ́n á bèèrè bóyá àìsàn kan ń bá ìdílé náà jà, bóyá wọ́n ń lu ìyàwó, bóyá ẹnìkan wà tí wọ́n ṣẹ̀ tí omijé rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Mo sọ fún bàbá mi pé kó rán èèyàn lọ sí Ìgèdè. Mo rò pé inú rẹ̀ yóò dùn sí i, nítorí ọkùnrin tí kì í ra iṣu láìbèèrè oko tí wọ́n ti wà á ni. Ṣùgbọ́n ó ní, “Fi wọ́n sílẹ̀. Ìwà ọmọkùnrin yẹn ti tó mi. Bí a bá lọ yẹ ilé onílé wò, wọ́n á wá yẹ tiwa náà wò.”

Mo ní, “Bàbá, kí ni wọ́n fẹ́ rí nílé tiwa?”

Ó ní kí n lọ wo ọbẹ̀ tó wà lórí iná. Kò sí ọbẹ̀ kankan lórí iná.

Èmi bá lọ sí Ìgèdè fúnra mi. Ọgbọ́n tí mo rò pé mo gbọ́n kò kéré. Mo gbé ìwé àwòrán páánẹ́lì sábẹ́ apá bí ẹni tó ń polówó ọjà, mo wọ mọ́tò láti Bàsírì, mo gba Ìyìn kọjá, mo gun ọ̀kadà dé àdúgbò ìdílé àfẹ́sọ́nà mi. Mo rí ìyá àgbà kan tó ń sá kòkó síwájú ilé. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo polówó díẹ̀, mo wá fi ẹnu tọ́ka sí ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, àwọn tó ni ilé yẹn, irú èèyàn wo ni wọ́n?”

Ó ní, “Èèyàn dáadáa ni wọ́n. Àbùkù ulé náà kò ju pé obìnrin kan wà níbẹ̀ tí kì í pa ẹnu mọ́.”

Inú mi dùn, mo sún mọ́ ọn. Mo ní, “Ta ni ìyẹn mà?”

Ó ní, “Èmi ni.”

Ẹ̀gbọ́n bàbá àfẹ́sọ́nà mi ni. Ó ní fọ́tò mi wà nínú fóònù ọmọ àwọn, pé òun ti mọ̀ mí látìgbà tí mo ti sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Kó tó rẹ́rìn-ín tán, ó ti gbé omi tútù lé mi lọ́wọ́, torí omi la kọ́kọ́ fi ń sọ fún àlejò pé a tẹ́wọ́ gbà á. Ẹ̀yìn ìgbà tí mo mu ún tán ló tó bi mí níbi tí bàbá mi ti ṣiṣẹ́ kó tó dé Adó. Èmi tí mo wá wádìí ẹlòmíràn, mo la ẹnu mi gbàgà, mo ní Ìjan-Èkìtì ló ti kọ́kọ́ ṣe tíṣà, kí wọ́n tó bí mi.

Kò pẹ́ rárá tí òun náà fi wá sílé wa. Ó jókòó, ó kọ ẹ̀pà, ó kọjú sí bàbá mi. Ó ní, “Tíṣà, ẹ má bínú. Mo dé Ìjan. Mo rí obìnrin kan níbẹ̀ tó ní òun ti jẹ́ ìyàwó yín rí. Ọmọ yín wù wá, a ò kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n mo bi obìnrin yẹn bóyá ó ṣépè nígbà tí ẹ lé e, kò dá mi lóhùn. A ò lè gbé ẹkún ẹlẹ́kún wọ ulé wa. Ẹ lọ bá a. Tí ẹ ò bá tíì lọ, mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ kò tíì yá.”

Bàbá mi kò jiyàn. Nígbà tí àlejò wa lọ, ó gbé àga rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó sì sọ ọ́ fún mi. Ó fẹ́ obìnrin náà ní Ìjan kó tó mọ ìyá mi rárá. Ọdún ń lọ, ọmọ kò dé. Ìyá bàbá mi wá láti Adó lọ́jọ́ kan tí ìyàwó wà lóko, ó kó ẹrù rẹ̀ síta, ó ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí obìnrin náà dé, òjò ń rọ̀. Ó ń kanlẹ̀kùn, ó ń pe Tíṣà. Ìyá bàbá mi ní bí ọmọ òun bá ṣí i, kó má pe òun ní ìyá mọ́. Bàbá mi dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò ṣí i. Lẹ́yìn náà ló tọrọ kí wọ́n gbé òun kúrò ní Ìjan.

Ó ní, “Mo ń gbọ́ gbogbo bó ṣe ń kàn án. Eré yín yẹn, ibi kan ṣoṣo tí wọn ò ti purọ́ nìyẹn.”

Inú bí mi débi pé n kò lè jẹun. Kì í ṣe ìgbéyàwó nìkan ló ń dùn mí. Gbogbo ọjọ́ tó fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà dè mí nígbà èwe mi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà wo ìdí rẹ̀. Ṣé èmi ló ń dúró dè, àbí ẹlòmíràn tí kò ṣílẹ̀kùn fún? Mo ti fura sí ohun púpọ̀ láyé mi, ṣùgbọ́n n kò fura sí ìfẹ́ bàbá mi rí.

Bí ẹni pé ìyẹn kò tó, àfẹ́sọ́nà mi wá lọ́jọ́ Àìkú láìmú fláàṣì dání. Ó ní àwọn tó ń ṣe eré náà ti pa á tì, wọn kò ṣe é mọ́. A wò ó dé ibi tó dé, obìnrin yẹn ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀ bóyá Ọ̀gákọ̀ padà lọ ṣí i. Mo bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà korò lẹ́nu mi. Mo ní mo ti ń wá àléébù eré yìí látọjọ́ yìí, ti ọkọ̀ tó ń dán, ti fìlà, ti bọ́tìnnì, kékeré ni gbogbo ìyẹn. Àléébù ńlá rẹ̀ rèé: kí ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn, kí ẹ wá palẹ̀ kámẹ́rà yín mọ́ kí ẹ máa lọ sílé. Ohùn mi lọ sókè ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Bàbá mi wà ní kíṣìnnì, ó gbọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dé fìlà rẹ̀, ó ní kí n jẹ́ ká lọ sí Ìjan. Mo tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n n kò gbà á gbọ́ tán. Mo ń sọ nínú ọkàn mi pé nítorí ìgbéyàwó mi ló ṣe fẹ́ lọ, pé bí kì í bá ṣe ti ìyá Ìgèdè yẹn, obìnrin náà ì bá wà níta títí ayé.

A bá obìnrin Ìjan níwájú ilé rẹ̀, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Ó mú wa wọ pálọ̀. Ó ti fẹ́ ọkọ mìíràn lẹ́yìn bàbá mi, ọkọ náà ti kú, fọ́tò àwọn ọmọ tó bí fún un sì kún ara ògiri, pẹ̀lú aṣọ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde lọ́rùn wọn. Obìnrin tí wọ́n ní kò lè bímọ! Bàbá mi wo àwọn fọ́tò náà títí. Ó ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí símẹ́ńtì, pẹ̀lú ewú orí rẹ̀.

Obìnrin náà ní, “Dìde, Tíṣà. Ulẹ̀ tutù.”

Ó wọlé, ó gbé omi jáde. Ife kan ṣoṣo ni. Ó gbé e fún mi, ó jókòó, ó wo bàbá mi tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ó ní, “Nítorí ọmọ rẹ lo ṣe wá, àbí nítorí mi?”

Ìbéèrè tí mo gbé láti Adó nìyẹn.

Bàbá mi ní, “Mi ò ní purọ́ fún ọ. Nítorí ọmọ mi ni mo ṣe rí ẹsẹ̀ gbé. Ìtìjú ni ò jẹ́ kí n wá látọjọ́ yìí.”

Obìnrin náà ní, “Ó dára tó ò purọ́.” Ó wá kọjú sí mi. “Ọmọ mi, sọ fún àwọn ará Ìgèdè pé mi ò ṣépè fún ẹnikẹ́ni. Ùwọ kò sí ní ulé náà lọ́jọ́ tí wọ́n ti ulẹ̀kùn. Lọ ṣe ìgbéyàwó rẹ ní àlàáfíà. Ṣùgbọ́n ti bàbá rẹ, mo ṣì ń rò ó.”

A ń padà sí Adó. Nígbà tí a kọjá ilé ẹ̀kọ́ Pólì, bàbá mi ní, “Kò fún mi lómi.”

A ṣe ìgbéyàwó náà. Mo rò pé ọ̀rọ̀ Ìjan ti parí, ṣùgbọ́n bàbá mi kò jáwọ́. Bí iṣu tuntun bá jáde, á ní òun ń lọ kí ẹnìkan. Bí Kérésìmesì bá ń bọ̀, á lọ. Á jókòó, wọ́n á sọ̀rọ̀ ọmọ àti òjò, á padà wálé pẹ̀lú òùngbẹ. Mo tún fura. Kí ló ń wá níbẹ̀, nígbà tí ìgbéyàwó ti kọjá, tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè? Mo ṣọ́ ọ títí, n kò rí nǹkan kan tó ń wá gbà. Ìgbà yẹn ni ọkàn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí i.

Èmi àti ọkọ mi ti tún eré yẹn wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ náà ṣì ń dán jù, fìlà yẹn ṣì ń bí mi nínú, n kò sì tíì dárí ji àwọn tó pa á tì láìparí. Ohun kan ṣoṣo ni mo ti yí ẹnu padà lé lórí. Mo máa ń sọ nígbà náà pé kò sí ẹ̀rù nínú ìtàn ẹni tí a ti mọ̀ pé yóò dàgbà. Mo mọ bàbá mi ní àgbàlagbà, tó ń dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ohun tó ṣe kó tó débẹ̀ bà mí lẹ́rù ju gbogbo iná òfurufú lọ. Ó sì ti pẹ́ tí mo ti gbà pé èmi ló ń dúró dè, àní bí ẹlòmíràn tilẹ̀ wà lọ́kàn rẹ̀.

Ẹsẹ̀ bàbá mi kò le mọ́ báyìí, èmi ni mo ń wa mọ́tò gbé e lọ sí Ìjan. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, oòrùn mú lọ́jọ́ tí a lọ, obìnrin náà wọlé lọ gbé omi bó ṣe máa ń ṣe. Ife méjì ló gbé jáde. Ó fún mi ní ọ̀kan. Ó di ìkejì mú, ó dúró díẹ̀ níwájú bàbá mi, ó ní, “Tíṣà, gbà.” Bàbá mi fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó mu ún tán láìsinmi. Mo wo ojú obìnrin náà dáadáa, bí ìṣe mi, bóyá màá rí ohun tó fi pamọ́ síbẹ̀. N kò rí nǹkan kan. Ó na ọwọ́ gba ife náà, ó ní ṣé kí òun bù sí i. Bàbá mi ní kó bù sí i.